Má Tíì Gé Wáyà Ilé Màmá

Òfìkì,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Atisbo,
Oṣù Kọkànlá, 2025.

Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ìyá Ìbejì ńkọ́? Táyé ńkọ́, ṣé ó ti bọ́ lọ́wọ́ ikọ́ yẹn? A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run níbí. Òjò ti kásẹ̀ nílẹ̀, ọyẹ́ ti ń yọjú láàárọ̀, ọkà bàbà sì ti ń wọlé láti oko. Mo yà sọ́dọ̀ Màmá lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ara wọn le koko, orúnkún nìkan ni wọ́n ní ó ń dùn wọ́n díẹ̀. Wọ́n ro àmàlà fún mi, wọ́n sì bi mí léèrè ìgbà tí o máa wálé. Mo ní kí wọ́n bi ọ́ fúnra wọn.

Mo gbọ́ ohùn gígùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. O ní owó sólà ti pé, kí n lọ gbé e sórí òrùlé Màmá, pé bí mo bá ti gbé e tán, kí n gé wáyà NEPA kúrò lára ilé náà kí gbogbo wa sinmi. O ní o tún ń wo ọ̀kadà oníbátìrì fún àbúrò rẹ. Mo fara mọ́ sólà, mo sì fara mọ́ ọ̀kadà. Ọ̀rọ̀ wáyà yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ sọ, torí ó ju ilé Màmá nìkan lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ́wáyà ní agbègbè yìí, kò sì sí ohun tó ń gbà mí lọ́kàn báyìí tó bí òpó àti tiransifọ́mà wa yóò ṣe gba àwọn nǹkan tuntun tó ń wọlé yìí mọ́ra.

Bí o bá wọ Òfìkì lónìí, òkè ni kí o máa wò. Onígbàjámọ̀ ní páńẹ́ẹ̀lì kan lórí ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń bá wọn ṣáájì fóònù ní méjì, ìyá tó ń ta omi tútù ti ní mẹ́rin. Mọ́ṣáláṣí ń fi oòrùn fa omi àlùwàlá, ṣọ́ọ̀ṣì ń fi í lu dùùrù. Ìwọ náà mọ ohun tó fà á. Kí ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tó dé, lítà epo bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà. Ọjọ́ yẹn ni ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Ní 2025 yìí, lítà kan ti lé ní 800 náírà. Ta ló fẹ́ máa bu ìyẹn sínú jẹnẹrétọ̀ nítorí bọ́ọ̀lù alẹ́ ọjọ́ kan? Nígbà tó di oṣù Kẹrin 2024, ìjọba gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 fún lójúmọ́, láti nǹkan bíi 68 náírà lọ sí 225 náírà fún kílówáàtì-wákàtí kan. Ọdún yẹn kan náà ni gírídì orílẹ̀-èdè dà wó ní ohun tó lé ní ìgbà mẹ́wàá. Ẹni tó bá ní owó díẹ̀ lọ́wọ́ á wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Wọ́n sì ń wá nǹkan ṣe lóòótọ́. Àwọn olùwádìí ọ̀rọ̀ iná tó ń jẹ́ Ember, ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ yẹn, máa ń ka páńẹ́ẹ̀lì tó ń ti Ṣáínà jáde lọ sí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Láàárín oṣù Keje 2024 sí oṣù Kẹfà 2025, wọ́n ka ti Nàìjíríà sí mẹ́gáwáàtì 1,721, orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà nìkan ló ṣáájú wa ní gbogbo ilẹ̀ adúláwọ̀. Wá fi èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ gírídì: mẹ́gáwáàtì 5,801 ni wọ́n kéde ní oṣù Kẹta 2025 pé ó pọ̀ jù lọ nínú ohun tí ó tíì gbé rí, fún orílẹ̀-èdè tí èèyàn inú rẹ̀ lé ní 200 mílíọ̀nù. Páńẹ́ẹ̀lì ọdún kan ṣoṣo, bí gbogbo rẹ̀ bá rí oòrùn ọ̀sán gangan, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí gírídì ń gbé.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn rèé: a mọ iye tó wọ èbúté, ta ló mọ òpó tó bọ́ sí? Kò tíì sí ìwé kankan tó pé ní ìlú yìí tí o lè ṣí, tí o máa rí i pé ilé báyìí ní páńẹ́ẹ̀lì mẹ́fà, pé fésì báyìí ló wà, pé bátìrì rẹ̀ tó báyìí. Èmi tí mo ń gbé e kiri kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kò ní in, ilé iṣẹ́ tó ni òpó kò sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wa rí. Báwo lèèyàn ṣe máa ṣètò ohun tí kò kà?

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ojú ara mi rí ní àdúgbò wa, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ọ. O mọ̀ pé wáyà mẹ́ta ló ń gbé iná bọ̀ láti ara tiransifọ́mà, pupa, òféfèé àti aró, yàtọ̀ sí ẹlẹ́ẹ̀kẹrin tí iná ń gbà padà. Fésì kọ̀ọ̀kan ló yẹ kí ó gbé ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ilé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan iná dé, àmọ́ fésì pupa kò ní agbára. Mo gbé mítà ọwọ́ mi sí i: ó lé díẹ̀ ní 150 fóòtì, dípò 230. Fáànù ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, fìríìjì ń kùn, kò lè tan. Kí ni àwọn ará ilé ṣe? Èyí tó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣe jáde síta, ó yọ fíúsì kúrò lórí pupa, ó ki í bọ òféfèé. Iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ rokoṣo. Aládùúgbò rẹ̀ rí i, òun náà jáde. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìkẹ́yìn lójú títì yẹn. Kò pẹ́ tí òféfèé náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ìró kan báyìí láti ìdí tiransifọ́mà: fíúsì ńlá tó wà níbẹ̀ ti jó. Gbogbo àdúgbò wọ òkùnkùn, títí kan àwọn tí kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Kò sí ìkà nínú wọn o. Olúkúlùkù ṣe ohun tó dára fún ilé tirẹ̀, láìmọ ohun tí ẹnì kejì ń ṣe. Fìríìjì, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n lásán ló fa ìyẹn. Wá fi ọ̀kadà oníbátìrì kún un.

Ká ní tiransifọ́mà 100 kVA ló wà ní àdúgbò kan, bíi kílówáàtì 80 sí 90 sì ni a lè gbé lé e lórí kí ara má ni ín. Ká ní àwọn ilé ti ń fa 50 nínú rẹ̀ ní agogo méje alẹ́, nígbà tí gbogbo èèyàn ti dé láti oko àti ọjà. Bí ọlọ́kadà 50 bá wọlé lálẹ́ ọjọ́ kan náà, tí kálukú ki ṣájà kílówáàtì kan bọ ara ògiri, ó di 100. Mọ́tò nílé ńkọ́? Ṣájà mọ́tò tí wọ́n sábà máa ń gbé sára ilé lọ́dọ̀ yín jẹ́ kílówáàtì méje. Mọ́tò kan ti di ọ̀kadà méje. Tiransifọ́mà tí ó gbé ẹrù jù kì í kú lójú ẹsẹ̀ nígbà gbogbo. Epo inú rẹ̀ á máa gbóná, aṣọ bébà tó wé wáyà inú rẹ̀ á máa gbẹ, á máa rọ, lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò sì retí ni yóò dákẹ́. Ìwọ náà mọ iye oṣù tí àdúgbò lè fi wà lókùnkùn kí wọ́n tó rí òmíràn.

Má sì rò pé ọ̀kadà oníbátìrì jìnnà sí wa. Ẹ̀yìn ibodè lọ́hùn-ún ló wà. Láti 2022 ni ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ M Auto nígbà náà, tó ti di Spiro báyìí, ti ń gbé e fún àwọn ọlọ́kadà akérò, tí wọ́n ń pè ní zémídjan, ní Kútọnù àti Lómẹ́. Ọlọ́kadà kì í ṣáájì bátìrì nílé rárá. Ó máa yà ní ibùdó, wọ́n á yọ èyí tó ti rẹ̀, wọ́n á fún un ní èyí tó ti kún, ó ti lọ bá èrò rẹ̀. Ìwọ mọ bí ọjà ṣe máa ń ti Bẹ̀nẹ̀ wọ Ṣakí. Ohun tí àwọn ará Kútọnù bá ń gùn lónìí, ọmọ Òkè-Ògùn á gùn ún lọ́la. Etiópíà tilẹ̀ ti fòfin de kíkó mọ́tò elépo wọlé láti 2024. Ilẹ̀ adúláwọ̀ náà ni wọ́n wà.

Ìlànà ìpààrọ̀ bátìrì yẹn wù mí gan-an nítorí wáyà. Bátìrì ọ̀kadà kan sábà máa ń gba kílówáàtì-wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ọ̀kadà 50, ní mẹ́ta-mẹ́ta, jẹ́ 150 lójúmọ́. Bí a bá kó wọn jọ síbi kan lẹ́bàá ọjà, tí a ń ṣáájì wọn láti agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán, kílówáàtì 25 péré ni ibẹ̀ máa fa lẹ́ẹ̀kan náà. Páńẹ́ẹ̀lì bíi 75, oníwáàtì 550, lè gbé ìyẹn lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa, oòrùn sì ni a ní ní ilẹ̀ ọ̀dàn yìí. Iye iná kan náà ni, ọ̀kadà kan náà ni, àmọ́ alẹ́ yóò rọ tiransifọ́mà lọ́rùn. Ètò nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ yẹn wọ́n ti rí ewu yìí ṣáájú. O sọ fún mi nígbà kan pé aládùúgbò rẹ ra mọ́tò oníbátìrì, pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣáájì rẹ̀ máa ń dúró di òru kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òfin ló ṣe é. Láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 2022, ṣájà ilé tí wọ́n bá tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Wélíìsì àti Sìkọ́tílándì gbọ́dọ̀ wá pẹ̀lú ètò tí kò ní jẹ́ kí ó ṣáájì láàárín agogo mẹ́jọ sí mọ́kànlá àárọ̀ àti mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́wàá alẹ́ lọ́jọ́ iṣẹ́, àfi bí onílé bá yí i padà. Wọ́n tún fi ohun kan kún un tí ó dùn mọ́ mi púpọ̀: ṣájà kọ̀ọ̀kan á dúró díẹ̀, ó lè tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì, kí gbogbo wọn má baà bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà. Ẹni tó ronú kan ìyẹn ti rí òru tí gbogbo ilé ki ọwọ́ bọ wáyà pọ̀ rí. Ti sólà náà, bí ẹ̀rọ kò bá ju kílówáàtì 3.68 lọ lórí fésì kan, ẹni tó gbé e gbọ́dọ̀ fi tó ilé iṣẹ́ oníwáyà létí láàárín ọjọ́ 28. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ. Ìwé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, Bàbá Ìbejì. Ìwé kì í náni tó bí tiransifọ́mà ṣe ń náni.

Ọ̀sán náà ní wàhálà tirẹ̀. Àwọn tó fa wáyà wa rò ó bí odò: kí iná máa ti òkè bọ̀ wá sí ìsàlẹ̀, láti 33,000 fóòtì sí 11,000, sí 415, kí ó tó wọ yàrá. Bí o bá ṣe jìnnà sí tiransifọ́mà tó ni agbára rẹ̀ ń dín kù tó. Sólà yí ìyẹn padà. Bí ilé mẹ́wàá tó wà ní ìparí láìnì bá ń ti iná tí wọn kò lò padà sórí wáyà lọ́sàn-án, tí ẹnikẹ́ni kò sì lò ó nítòsí, fóòtì ibẹ̀ á gòkè kọjá 230, á kọjá 250, gílóòbù àwọn aládùúgbò á máa jó, ínfátà fúnra wọn á sì máa pa ara wọn. Àwọn ará Ọsirélíà, tí ilé kan nínú mẹ́ta wọn ti ní sólà lórí òrùlé, ti bá èyí jìjàkadì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oògùn rẹ̀ ni pé kí ohun tó ń jẹ iná wà nítòsí ní ọ̀sán. Níbí, a ní in: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo àti èlùbọ́, wẹ́dà, ilé omi pọ́ọ̀wà, ẹ̀rọ tó ń mú ẹja dì. Ọ̀sán ni gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́, dísù àti bẹntiróòlù ló sì ń gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ó máa ń dùn mí bí mo bá dúró ní ibi tí àwọn obìnrin ti ń rin gàárì ní ọ̀sán, tí èéfín dísù gba ojú wọn, tí oòrùn ń jó páànù lókè orí wọn lásán.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ gígé wáyà. Orílẹ̀-èdè kan wà tí ó ti ṣe é dé ibi tó ga, Pakísítáànì. Iná wọn wọ́n, ó ń lọ ó ń bọ̀, páńẹ́ẹ̀lì Ṣáínà sì di pọ́ọ́kú. Ní 2024 nìkan, wọ́n kó gígáwáàtì bíi 17 wọlé. Àwọn olówó, àwọn ilé iṣẹ́, àwọn àgbẹ̀ ńlá kúrò lórí gírídì tàbí kí wọ́n dín ohun tí wọ́n ń rà níbẹ̀ kù. Àmọ́ òpó wà níbẹ̀, tiransifọ́mà wà níbẹ̀, gbèsè tí wọ́n fi kọ́ àwọn ibùdó amúnáwá wà níbẹ̀. Ta ló wá ń san án? Àwọn tí kò lówó sólà ni, tálákà tó ń gbé yàrá kan nínú ìlú, tí kò ní òrùlé tirẹ̀. Bí owó wọn ṣe ń gòkè ni àwọn mìíràn tún ń sá jáde.

Mo rò ó wá sí Òfìkì. Bí ìwọ bá gé ti Màmá, tí alága gé tirẹ̀, tí oníléepo gé tirẹ̀, tí àwọn tí ọmọ wọn wà lókè òkun gé tiwọn, ta ló kù lórí òpó? Opó tó ń ta àkàrà, akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá, bàbá arúgbó tí kò bímọ sí ìlú òyìnbó. Àwọn yẹn kò lágbára àtipe ẹnikẹ́ni lórí fóònù kí wọ́n wá tún òpó tó wó ṣe. Ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ ni ẹnu yín ń tólẹ̀. Bí ẹ bá kúrò, wáyà yẹn kú nìyẹn, ọmọ wa ni yóò sì tún un fà lọ́jọ́ kan ní ìlọ́po owó.

Ìyẹn ni ó jẹ́ kí n fẹ́ràn ohun tí wọ́n ṣe ní Mókólókí, ní Ọbáfẹ́mi-Owódé, ìpínlẹ̀ Ògùn. Ilé iṣẹ́ oníwáyà tó ń jẹ́ IBEDC ló ni ìpín ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ni tiwa. Wáyà wà ní ìlú náà, iná tó ń gba orí rẹ̀ ni kò tó nǹkan. Ní oṣù Kejì 2020, ilé iṣẹ́ Nayo Tropical Technology gbé sólà kílówáàtì 100 síbẹ̀, pẹ̀lú bátìrì àti jẹnẹrétọ̀ dísù fún ọjọ́ òjò, wọ́n sì so ó mọ́ wáyà tí ó ti wà nílẹ̀. Àdéhùn ẹlẹ́ni mẹ́ta ni: ará ìlú, ilé iṣẹ́ oníṣólà àti ilé iṣẹ́ oníwáyà. Ìlànà ìjọba lórí gírídì kékeré, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2016 tí wọ́n sì tún ṣe ní 2023, fi àyè sílẹ̀ fún un nígbà náà títí dé mẹ́gáwáàtì kan. Mo mọ̀ pé owó iná irú ibẹ̀ máa ń ga ju ti òpó ìjọba lọ, ó sì ní àwọn tó ń kùn. Síbẹ̀, fi í wé owó bẹntiróòlù, kí o fi í wé ìlú tí olúkúlùkù ra bátìrì tirẹ̀, tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Bátìrì ńlá kan láàárín ìlú ń ṣiṣẹ́ fún onílé àti ayálégbé.

Ààyè ti wà fún wa báyìí ju ti ìgbàkigbà rí lọ. Ní oṣù Kẹta 2023 ni wọ́n tún òfin ilẹ̀ wa ṣe tí ìpínlẹ̀ fi lè ṣòfin lórí iná, títí kan ibi tí gírídì ti dé. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, Òfin Iná Mànàmáná tuntun jáde. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àjọ ìjọba àpapọ̀ fi ìṣàkóso ọjà iná ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lé àjọ tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí a ó bá sọ̀rọ̀ kò sí ní Àbújá mọ́, Ìbàdàn ló wà, ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Mọ́níyà sì ti dára.

Ohun tí mo fẹ́ kí a béèrè lọ́wọ́ àjọ ìpínlẹ̀ yẹn kò le. Kí wọ́n pa á láṣẹ pé gbogbo oníṣẹ́ tó bá gbé sólà tàbí ṣájà mọ́tò sára ilé gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀: òpó wo, fésì wo, ó tó mélòó. Kí wọ́n fi ìwọ̀n sí ara tiransifọ́mà kọ̀ọ̀kan, kí a mọ wákàtí tí ó ń làágùn àti wákàtí tí ó ń sùn. Kí iye owó ọ̀sán yàtọ̀ sí ti alẹ́. Mítà tó wà lára ilé wa lónìí, ọ̀sán ni o, alẹ́ ni o, iye kan náà ló ń gé. Bí iná ọ̀sán bá rọ̀ ní owó, èèyàn kò ní nílò ìwàásù kí ó tó dúró di ọ̀sán láti fa omi, láti ṣáájì ọ̀kadà, láti lọ ata. Kí wọ́n sì sọ ní kedere ohun tí ẹni tó bá ti iná padà sórí òpó máa rí gbà. Ní Òfìkì níbí, ẹnikẹ́ni kò tíì san kọ́bọ̀ fún wa lórí ìyẹn.

Ó yá, ilé Màmá. Mo ti gun òrùlé náà wò. Igi rẹ̀ ṣì le, páànù méjì péré ni yóò gba ìpààrọ̀. Páńẹ́ẹ̀lì mẹ́fà oníwáàtì 550 ti tó wọn, gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílówáàtì mẹ́ta lé díẹ̀. Màá kọjú wọn sí gúúsù, màá dà wọ́n díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ wọ́n. Nígbà ọyẹ́, erùpẹ̀ á bò wọ́n, kí àbúrò rẹ máa fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù wọ́n ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí wọ́n tó gbóná. Má jẹ́ kí ó dà omi tútù sí wọn ní ọ̀sán. Bátìrì lítíọ́mù kan, kílówáàtì-wákàtí márùn-ún, yóò gbé fáànù, gílóòbù, tẹlifíṣọ̀n àti fìríìjì di òwúrọ̀. Ẹ̀rọ tó ń fa omi, ọ̀sán nìkan ni kí wọ́n máa tàn án.

Ínfátà náà, ra irú èyí tó lè gba sólà, bátìrì àti NEPA pọ̀. Màá ṣètò rẹ̀ kí ó má ti iná kankan jáde sórí òpó, títí òfin á fi sọ bí a ṣe máa ṣe é. Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bí gírídì bá kú, tí ilé kan ń ti iná padà láìmọ̀, ẹni tó gun òpó láti tún un ṣe rò pé wáyà ti kú, wáyà yóò sì pa á. Mo bá àwọn tó ń gun òpó ṣiṣẹ́, ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n, mo fẹ́ kí wọ́n máa padà délé lọ́dọ̀ ìyàwó wọn. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan ọ́ pé ẹ̀rọ tí kò ní ìdáàbòbò yẹn dín owó kù. Màá ri wáyà àrá mọ́lẹ̀ pẹ̀lú, o mọ bí àrá ilẹ̀ wa ṣe máa ń sán ní oṣù Kẹrin.

Wáyà NEPA á wà níbẹ̀. Nínú oṣù Kẹjọ, tí ìkùukùu bá bo oòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀léra, òun ló máa ran Màmá lọ́wọ́ bí iná bá dé. Orúkọ wọn á sì wà lórí òpó, a ó lè dìde ní ìpàdé àdúgbò kí a sọ pé a jẹ́ ara àwọn tó ni ín.

Ti ọ̀kadà àbúrò rẹ, ra èyí tí bátìrì rẹ̀ ṣe é yọ, kí o sì ra bátìrì méjì. Ọ̀kan á máa wà lórí ọ̀kadà, èkejì á máa jẹ oòrùn nílé lọ́sàn-án. Kò ní ṣáájì lálẹ́ rárá, bátìrì ilé Màmá kò sì ní rẹ̀. Kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè bóyá èèyàn lè rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà ní Ṣakí tàbí Ìbàdàn, torí ọ̀nà oko wa kì í fojú rere wo ọ̀kadà, iṣu tí a ń kó sẹ́yìn rẹ̀ kì í sì fúyẹ́.

Ohun kan ló kù. Mo gbọ́ pé ẹ̀yin ọmọ ìlú tó wà lọ́hùn-ún ti ń dáwó tiransifọ́mà tuntun fún wa. Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó rà á, ẹ fi díẹ̀ nínú owó náà ra ẹ̀rọ ìwọ̀n tí a lè so mọ́ èyí tó wà nílẹ̀ fún oṣù kan, kí a mọ ohun tí fésì kọ̀ọ̀kan ń gbé, ní wákàtí wo. Ó lè jẹ́ pé a kàn máa pín àwọn ilé sórí fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba ni, kí owó tó kù di ti ibùdó bátìrì lẹ́bàá ọjà tí mo sọ yẹn. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ilé tó ní sólà sínú ìwé kan, láti ìsàlẹ̀ ọjà lọ sókè. Bí ìpàdé yín bá gbà, màá ya àwòrán ìwé náà ránṣẹ́ kí ẹ fi hàn àwọn ọmọ ìlú tó kù.

Kọ̀wé sí mi kí oṣù tó parí kí n lè mọ ìgbà tí màá lọ ra páànù. Kí Ìyá Ìbejì fún mi, fi ẹnu ko àwọn ọmọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Màmá ní kí o má gbàgbé oògùn orúnkún tí o ṣèlérí.

Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Bàbá Ṣadé